Ìwé gbèsè Bàbá Kùmásì

Tẹ́ ẹ bá sùn sílé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agogo ló máa jí yín, àkùkọ ò ní tíì kọ. Agogo kékeré kan báyìí tí bàbá tó bí bàbá mi gbé bọ̀ láti Gánà, etí ẹ̀ ti sán, tó bá ń dún ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí lu páànù. Aago márùn-ún ò tíì lù o. Gbogbo wa á wọ́ wá sí pálọ̀, ẹni tó ń tòògbé á máa tòògbé lórí ìdúró, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n á mú un mọ́ra, torí tí Bàbá bá ti dá orin sílẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde mọ́.

Orin kan, Bíbélì orí kan, àdúrà. Títí débẹ̀ kò sí nǹkan tó fi yàtọ̀ sí ilé onígbàgbọ́ míì. Àmọ́ tí àdúrà bá dé àárín, Bàbá á dúró, á na ọwọ́ sábẹ́ Bíbélì, á fa ìwé kan yọ. Ìwé gbọọrọ, irú èyí táwọn oníṣòwò fi ń kọ ìṣirò ọjà, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, eteetí ẹ̀ pupa. Á gbé jígí sójú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. "Olúwa, Kwabena alápatà, bá mi tọ́jú ẹ̀. Olúwa, Akosua tó ń ta dọ̀kúnù ní Kejetia, bá mi tọ́jú ẹ̀. Olúwa, Yaa ìyá ìbejì, bá mi tọ́jú ẹ̀." Báyìí báyìí títí. Orúkọ mọ́kànlélógójì ni, lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Kérésì, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí ibà ń ṣe é. Àwa ọmọ ilé ti há orúkọ yẹn sórí ju Sáàmù lọ. Tá a bá ń ṣeré ìyá àti bàbá lẹ́yìnkùlé, àwọn ni aládùúgbò wa, èmi ni Kwabena alápatà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Akosua.

Mo rò pé ẹbí wa ni wọ́n. Lóòótọ́ mo rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi tó ọmọ ọdún méje, títí ọjọ́ tí mo bi Ìyá àgbà pé ìgbà wo ni Yaa ìyá ìbejì máa wá kí wa. Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹbí bàbá ta ni? Onígbèsè ni gbogbo wọn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ilà gọ̀ǹbọ́ wà lójú ẹ̀ dáadáa. Ọdún kan ṣáájú ogun Hítílà ló bá àwọn ará ilé ẹ̀ lọ sí Gold Coast, kò tíì pé ogún ọdún. Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ nígbà yẹn, àwọn Ọ̀fà náà wà níbẹ̀, Ìlọrin náà wà níbẹ̀. Níbi tí Ògbómọ̀ṣọ́ bá sì dé, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi dé nìyẹn. Kí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó wá jókòó sí Kùmásì ní 1947, àwọn oníṣòwò wa ti ń ṣe ìsìn tiwọn níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, Bíbélì Àjàyí Crowther kan náà tí wọ́n ń kà nílé ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún. Bàbá máa ń sọ pé tóun bá di ojú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Òkè-Ẹlẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòun wà. Tóun bá wá la ojú, ẹni tó jókòó tì òun ń fi èdè Twi kí òun.

Ohun tó ń tà ni abọ́ tánganran, fìtílà, òwú, abẹ́rẹ́, gbogbo wọ́sìwọ́sì ilé. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló ń rà á. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fọkàn bá mi lọ o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àgbẹ̀ kòkó kì í lówó lọ́wọ́ láàárín ọdún. Oṣù kẹwàá ni kòkó ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tó bá di bí oṣù kejìlá sí oṣù kìíní owó á ti wọlé. Nítorí náà àwìn ni. Wọ́n á wá gbé abọ́ lóṣù kẹfà, oṣù keje, wọ́n á ní Agya, ìyẹn Bàbá lédè Twi, tá a bá ti ta kòkó. Bàbá á kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣílè àti kọ́bọ̀ ló kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́, nígbà tí ìjọba wọn wá pa pọ́n-ùn tì ní July 1965, tí wọ́n ní sídì kan jẹ́ ṣílè mẹ́jọ àti kọ́bọ̀ mẹ́rin, ó jókòó ó ṣírò ti oníkálukú dà sí sídì. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n tún pààrọ̀ sídì yẹn fúnra ẹ̀, ló bá tún fa ilà pa á, ó tún un ṣírò. Ẹ rí ojú ìwé yẹn, ìṣirò lórí ìṣirò, iye mẹ́ta mẹ́ta nídìí orúkọ kan ṣoṣo. Kò yọ kọ́bọ̀ kan jẹ nínú owó ẹlòmíì, kò sì gbàgbé tiẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1969, rédíò sọ̀rọ̀. Ìjọba Busia, tí kò tíì pẹ́ tó dé orí àlééfà, ní àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò bá rí i gbà kó máa lọ sílùú ẹ̀. Ìwé wo? Bàbá ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀, ọmọ mẹ́fà ló bí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní ìwé rí. Ẹ wá wo oṣù tó bọ́ sí. Ìgbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọjà ti jáde tán, owó ò tíì wọlé, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà káàkiri abúlé lọ́nà Mampong àti ibòmíì, ọ̀sẹ̀ méjì kí ló fẹ́ ká níbẹ̀? Àwọn kan sáré wá san án o, kí n má parọ́, Ìyá àgbà náà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kó fún àwọn lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn kan rí i lókèèrè wọ́n yà bàrá. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìsọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin iye ẹ̀ lẹni tó wá rà á san, wọ́n mọ̀ pé kò ní gbé e lọ.

Ọṣẹ dúdú tiwa yìí, "alata samina" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ọṣẹ Aláátà, Aláátà sì ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tá a ti ọ̀dọ̀ yìí wá. Ìyá àgbà kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn àmọ́ ó máa ń sọ ọ́: "Wọ́n lé ẹni tó ni ọṣẹ, wọ́n ń fọṣẹ wẹ̀."

Lọ́nà, ní Lomé, àbígbẹ̀yìn wọn kú. Ọmọ ọdún méjì, obìnrin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ kí Ìyá àgbà sọ ọ́, ó ní èrò pọ̀, oòrùn mú, kò sómi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi í.

Ìdí tí wọn ò fi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tààrà ni pé ojú ń ti Bàbá. Ẹni tó bá ti Gánà dé, wọ́n ń retí aṣọ, wọ́n ń retí kó wá parí ilé tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Òun dé pẹ̀lú agogo, Bíbélì, ìwé gbèsè, ìyàwó kan, ọmọ márùn-ún. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ló fún wọn ní yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, ó ní ẹ jókòó síbí ná, Ìbàdàn ò gbonílé bí àjòjì. Ìlú náà ò sì rọgbọ o, ariwo Agbẹ́kọ̀yà ò tíì rọlẹ̀, ogun Biafra ò tíì parí. Àmọ́ Mọ́kọ́lá kún fún àjòjì bíi tiwọn, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì pé ta ló gbé ọ wá. Wọ́n jókòó síbẹ̀ nìyẹn. "Ẹ jókòó síbí ná" ló di ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ògùnpa ló pàtẹ sí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ́rẹ́ àti òwú. Tó bá gbé orí sókè níbẹ̀ Kòkó Haùs ló ń rí, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi owó kòkó kọ́. Á ní, "Kòkó ló jẹ mí lówó ní Kùmásì, kòkó náà ló dúró lé mi lórí níbí." Ìwọ̀nba ẹ̀fẹ̀ tí mo mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn, kì í ṣe èèyàn aláwàdà.

Òdodo ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí, torí mo mọ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òkú lórílẹ̀-èdè yìí, gbogbo òkú ni èèyàn rere. Bàbá le. Ó lè na èèyàn. Bàbá mi ni àkọ́bí, ó ń lọ síléèwé ní Kùmásì nígbà tí wọ́n lé wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, orí ẹ̀ pé. Tí wọ́n dé Ìbàdàn Bàbá ní kò sówó ìwé, ó mú un lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Bàbá mi ò sunkún, ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ará Bódìjà ń gbé mọ́tò wá bá a, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti bàjẹ́ láàárín wọn. Bó ṣe lọ́mọ lọ́wọ́ tán ló jáwọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Tí agogo bá dún láàárọ̀, òun nìkan ni kì í wá, á dùbúlẹ̀ sí yàrá tiwa, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá ò fi tipá mú un. Wọ́n kàn ń gbé inú ilé kan náà bí ayálégbé méjì.

Omíyalé Ògùnpa ti 1980, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, Sọ́ńdè ni. Mo ti ń lọ sí ọdún méje, ìró òjò yẹn ni mo rántí, bí ẹni ń da òkúta sórí páànù fún wákàtí mélòó kan, kò dáwọ́ dúró. Kò sí omi ní Mọ́kọ́lá tiwa torí orí òkè la wà, àmọ́ nígbà tí Bàbá fi máa dé ìdí ọjà kò sí ìsọ̀. Mi ò sọ pé ìsọ̀ bàjẹ́ o. Kò sí níbẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún, ó jókòó lórí àga, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó wo tábìlì níbi tí Bíbélì wà, ìwé gbèsè wà lábẹ́ ẹ̀, ó gbẹ kangbe. Ó ní, "Ọjà lọ, gbèsè ò lọ. Ibi tó ò ń kó gbèsè pa mọ́ sí yìí, ká ní ibẹ̀ lò ń kówó sí." Tó bá ṣe pé ẹlòmíì ni, ìjà ni ì bá dà. Bàbá ní, "Òótọ́ lo sọ." Lọ́jọ́ kejì agogo dún, ó sì pe àwọn mọ́kànlélógójì náà, kò fo ẹnì kan.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọmọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, báàgì kan lọ́wọ́. Ìgbà yẹn owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà, Gánà le kankan, àwọn ará Gánà ń wọ́ wá bí omi, àwọn ni tíṣà, àwọn ni bíríkìlà, àwọn ni ṣubàtà. Eléyìí ní télọ̀ lòun, Kwaku lòun ń jẹ́, ó ní bàbá òun sọ fóun kó tó kú pé tóun bá dé Nàìjíríà kóun wá Agya tó ń ta fìtílà ní Kùmásì lọ, Onítẹ̀bọmi ni. Ó bèèrè káàkiri lọ́wọ́ àwọn ìjọ títí tí wọ́n fi júwe wa fún un. Bàbá bi í pé ta ni bàbá ẹ. Ó ní Opanyin Kofi.

Àwa ọmọ wo ara wa lójú. Opanyin Kofi kẹ̀? Nọ́ńbà kọkàndínlógún! Lẹ́yìn Ama aláṣọ, ṣáájú Kwame onímọ́tò! Ó dà bí ìgbà tí Sákéù inú Bíbélì kan ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbà ti wọ yàrá, ó ti gbé ìwé jáde. Kò mọ̀wé kà àmọ́ ó mọ iye tí oníkálukú jẹ. Sídì méjìdínlógójì, abọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ obìnrin àti fìtílà méjì. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ san ti bàbá ẹ̀ ná kó tó fìdí kan àga òun. Kwaku ò gbọ́ Yorùbá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń kí òun káàbọ̀ ni. Bàbá ní, "Ẹ bu omi fún un." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn.

Ó bá wa gbé ọdún kan àtààbọ̀. Bàbá ra máṣìnnì ìránṣọ fún un, ọgọ́fà náírà, ó fi ìdajì ìsọ̀ tuntun fún un kó máa ránṣọ níbẹ̀. Òun ló kọ́ mi kí n máa ka ení èjì lédè wọn, òun ló sọ fún mi pé èmi tí wọ́n bí ní Alàmísì, Yaw lorúkọ mi, Bàbá sì ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó ń yẹ̀yẹ́ mi ni. Lálẹ́ òun àti Bàbá á jókòó síta, wọ́n á máa sọ Twi, Bàbá á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣàjèjì sí wa. Bàbá mi á ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú gírísì lápá, á gba àárín wọn kọjá láìwojú ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ tó ń sọ fún màmá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Èmi tó bí, ó ní kò sówó ìwé. Ọmọ onígbèsè ẹ̀, ó ra máṣìnnì fún un." Kí lẹ fẹ́ kí màmá mi sọ? Òótọ́ ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1983, asọ̀rọ̀mágbèsì tún sọ̀rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí tiwa ni. Ìjọba Shagari, mínísítà tó ń jẹ́ Ali Baba ló kéde ẹ̀: àlejò tí kò ní ìwé, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà o! Bàbá jókòó ti rédíò yẹn, ó pa á, ó tún tàn án, bí ẹni rò pé nǹkan míì ló máa sọ. Àdúgbò ti gbóná lọ́jọ́ kejì. Àwọn èèyàn tí mo mọ̀, tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ń wá ẹrù àwọn ará Gánà rà ní ọ̀pọ̀, fáànù, bẹ́ẹ̀dì, rédíò. Ọkùnrin kan wọlé wá bá Kwaku, ó yí máṣìnnì wò, ó ní ọgbọ̀n náírà. Kwaku ti fẹ́ gbà á. Bàbá ní máṣìnnì náà kì í ṣe títà. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó ka ọgọ́fà náírà lé Kwaku lọ́wọ́, ó kà á lédè Twi, baako, mmienu, mmiɛnsa, ó fi ahọ́n tọ́ ìka lórí náírà kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Máṣìnnì kan, ẹ rà á lẹ́ẹ̀mejì?" Bàbá ò dá a lóhùn.

Ìyá àgbà ni mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe bó ṣe ṣe. Òun tó ń bínú láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dé, òun ló wá palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Kò sì palẹ̀ mọ́ bí ẹni tó ń lọ kí ará. Ó yọ gbogbo nǹkan tí Kwaku ti dì sínú báàgì onílà pupa àti búlúù yẹn, tá a wá ń pè ní Ghana-Must-Go, ó dà á sílẹ̀. Ó ní ìkòkò kọ́, ìkòkò lolè máa kọ́kọ́ rí. Ó tú ìgbátí ṣòkòtò, ó ká owó sínú ẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ó rán an padà, ó ní kó má fi gbogbo ẹ̀ sójú kan. Gààrí, ẹ̀pà yíyan, iyọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rá. Àmọ́ kó tó ṣe èyíkéyìí nínú ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì ló kọ́kọ́ rán mi lọ gbé. Kẹ́ẹ̀gì jálá mẹ́rin. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbọ́ omi, ó jẹ́ kó tutù, ó rọ ọ́ kún. Kwaku tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nígbà yẹn ní, "Màmá, ó wúwo, mo máa rà lójú ọ̀nà." Ìyá àgbà ní, "Wọn ò ní tà á fún ọ. Gbé omi." Ó tún ń ṣàlàyé pé òun ní báàgì, òun máa wọ ọkọ̀ méjì. Ló bá di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fi ọwọ́ náà di etí kẹ́ẹ̀gì, kò sì jẹ́ kó fi sílẹ̀. "Gbé omi. Gbé omi. Mo ní kó o gbé omi." Ohùn ẹ̀ ti yí padà. Bàbá dìde, ó jáde síta.

Kwaku gbé omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lọ yẹn, Ìyá àgbà pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìwé gbèsè wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá ibi tí wọ́n kọ Opanyin Kofi sí. Mo fi ìka tọ́ ọ. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní nọ́ńbà kọkàndínlógún ni mà. Ó gba báírò lọ́wọ́ mi, ó dì í mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, ó fa ilà kan gba orí orúkọ náà, ilà tó wọ́, tó fẹ́ẹ̀ ya ìwé, ó sì gba àárín iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ó ní tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni òun á fi ata sí mi lójú. Mi ò sọ ọ́ o, àfi lónìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì agogo dún. Èmi ò sùn rárá, ojú mi là kedere. Bàbá pe orúkọ títí, Ama aláṣọ, bá mi tọ́jú ẹ̀, ó wá dákẹ́. Ó gbé ìwé súnmọ́ fìtílà. Ó wo Ìyá àgbà, Ìyá àgbà wo òrùlé. Ó tún gbé jígí ẹ̀ dáadáa, ó ní, "Olúwa, Opanyin Kofi," ó dákẹ́ díẹ̀, "àti Kwaku ọmọ ẹ̀, bá mi tọ́jú wọn." Ó sì ń bá a lọ. Láti ọjọ́ yẹn mọ́kànlélógójì ti di méjìlélógójì.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Wọ́n há sí Sẹ̀mẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan torí ẹnubodè tì, bí ayé ṣe gbọ́ ọ náà ni. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó gbẹ̀yìn wà fún Ìyá àgbà nìkan, Bàbá túmọ̀ ẹ̀ fún un: omi yẹn bá òun dé Lomé.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo ní lísìtì tèmi náà, orí fóònù ló wà. Ọ̀rẹ́ tó yá owó lọ́wọ́ mi fi ra tíkẹ́ẹ̀tì jápa tó wá ń fi fọ́tò yìnyín hàn mí lórí sítétọ́ọ̀sì, òun ló wà lókè. Mo máa ń ṣí i lóru, inú mi á ru, màá pa fóònù. Ìgbà kan mo rò pé màá ṣe é bíi ti Bàbá, mo pe orúkọ ọ̀gbẹ́ni yìí nínú àdúrà. Mo débi "bá mi tọ́jú ẹ̀", ẹnu mi ò lọ. Àwọn èèyàn tí mo bá sọ ìtàn yìí fún a máa sọ pé bàbá yẹn mọ bá a ṣe ń dárí jini. Mi ò mọ̀. Tó bá ti dárí jì wọ́n, kí ló dé tí kò fa ilà kankan fúnra ẹ̀? Kí ló dé tó ń ṣọ́ iye owó yẹn bí ẹyin ojú? Nígbà míì mo máa ń rò pé ṣe ló gbé gbèsè náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè gbà á, tó sì ń rán an létí láràárọ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ mo rò pé kò ní nǹkan míì tó kù fún un láti Kùmásì, àwọn orúkọ yẹn nìkan ni. Pásítọ̀ tó wàásù níbi ìsìnkú ẹ̀ ní 1997 ò mẹ́nu ba ìwé náà rárá, iye ọdún tó fi jẹ́ díákónì ló ń kà.

Ìyá àgbà náà ti lọ. Nígbà tá a fẹ́ pín ẹrù, máṣìnnì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì ń ránṣọ. Wọ́n wá ìwé gbèsè tì. Gbogbo wa rò pé wọ́n ti jù ú nù mọ́ àwọn bébà àtijọ́, ó dùn mí, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ṣì ń gbé ní Mọ́kọ́lá, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lóṣù tó kọjá mo ti Èkó wá, mo wọ Ìbàdàn ní ìdájí torí mi ò fẹ́ há sí gòsìlóò, mo ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, mo rọra ṣílẹ̀kùn kí n má baà jí wọn. Iná yàrá ẹ̀ wà ní títàn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń kà á lọ wéréwéré bí ẹni tí kò nílò láti wo ìwé: "Ama aláṣọ. Opanyin Kofi àti Kwaku ọmọ ẹ̀. Kwame onímọ́tò..."

Páànù ilẹ̀kùn ta sí mi lẹ́sẹ̀, ó dún. Ohùn dákẹ́. Mo gbọ́ tí ó ń ti nǹkan bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

"Ta nìyẹn? Yaw?"

Mo ní èmi ni sà, ẹ káàárọ̀ sà.

Ó ní, "Ṣé o ra búrẹ́dì bọ̀?"